Àwọn Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Anderson

Ellerby, England
Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí Àǹtí Odessa, mo kí Ọ̀gbẹ́ni Purvis tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo sì kí ẹ̀yìn yín tó máa ń dùn yín. Ara mi le.

Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó gbà mí. Nínú ìwé tí mo fọwọ́ sí kí n tó kúrò nílé, Ellerby Foxes ni orúkọ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wa, mo sì ti sọ fún gbogbo Indiana pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni mo fẹ́ lọ dà. Ìgbà tí mo dé ni wọ́n tó sọ fún mi pé ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́ẹ̀dì, Ọ̀gbẹ́ni Gilbert Harkness, ló ń gbọ́ bùkátà ẹgbẹ́ báyìí, nítorí náà Harkness Beds ni à ń jẹ́. Wọ́n ya bẹ́ẹ̀dì sí àyà jẹ́sì wa. Bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì ni. Nígbà tí a lọ bá àwọn ará ìlú kejì gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́, bí a ṣe ń wọlé ni gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú wo bẹ́ẹ̀dì àyà mi, ó wo mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Gíga, ẹsẹ̀ ẹ á yọ síta nínú ìyẹn o."

Ẹ̀gbẹ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ìlú ni gbọ̀ngàn wa wà, nítorí náà oògùn omi ni a máa ń gbóòórùn rẹ̀ tí a bá ń sáré. Gbogbo eré ìdárayá tó wà láyé ló ní ìlà tirẹ̀ lórí ilẹ̀ náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo dúró sẹ́yìn ìlà kan láti ju bọ́ọ̀lù, rẹfirí sì fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ti àwọn mìíràn nìyẹn, ọ̀rẹ́. Súnmọ́ iwájú díẹ̀."

Kóòṣì wa, Clive Ormerod, tíṣà jọ́gíráfì ni ní ọ̀sán. Tó bá ń ya bí a ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù sára pátákó, ńṣe ló ń dà bíi pé odò ló ń yà. Ilé obìnrin opó kan, Ìyáàfin Hesketh, ni mo wọ̀ sí. Gbogbo nǹkan ni wọ́n ń dín. Mi ò jẹ́ jókòó pẹ́ nínú ilé ìdáná.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ní ju àjèjì méjì lọ. Èmi àti Rodney Bascom, ará Georgia, ni àjèjì tiwa. Ó ti pẹ́ níbí jù mí lọ. Ó ní, "Má ṣàìsàn o, Lem. Tí wọ́n bá fi rí ẹlòmíì tó wù wọ́n, ọ̀kan nínú àwa méjèèjì á wọ ọkọ̀ òfuurufú, èmi ò sì ní tíì ṣe tán."

Ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama títí dé yunifásítì, ẹ kò rí mi gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò fi bá yín wí. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ mọ́tò fi yín sí, ìrọ̀lẹ́ ni a sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ti ti ìlẹ̀kùn báyìí. Ìparí oṣù kẹta ni sáà wa máa parí. Ẹ wá wò mí.

Ọmọ yín,
Lemuel

Anderson, Indiana
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kẹwàá, 1986

Lemuel,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara mi le. Ẹ̀yìn mi ní òun náà kí ọ.

Àǹtí rẹ Odessa ní kí n sọ fún ọ pé òun dín adìẹ sílẹ̀ dè ọ́ lọ́jọ́ tí o ń lọ, o kò yà. Ó ní òun fúnra òun ló jẹ ẹ́ tán, inú sì ń bí òun títí adìẹ náà fi tán. Kọ lẹ́tà sí i. Má fi tèmi ṣe tirẹ̀.

N kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Láti kékeré ni mo ti ń to ẹ̀rọ mọ́tò, kò sì tíì sí ẹni tó ṣàlàyé ohun tó gbé nǹkan yẹn dúró lókè tó yé mi. Purvis ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní ṣé òun lè jókòó lórí afẹ́fẹ́.

Àmọ́ Purvis ti ra ẹ̀rọ fídíò. Ó ní, "Amos, sọ fọ́mọ ẹ kó ya ara ẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì kó fi ránṣẹ́. A jọ máa wò ó ní pálọ̀ mi, ìyàwó mi á yan gúgúrú." Mo rò pé ìyẹn dára. Fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ wò ó.

Wọ ẹ̀wù tó nípọn.

Bàbá rẹ

Ellerby
Ogúnjọ́, Oṣù Kẹwàá, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìsinmi o. Mo ti kọ̀wé sí Àǹtí Odessa, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn àti adìẹ náà.

Kásẹ́ẹ̀tì ló wà nínú àpò yìí. Ọ̀gbẹ́ni Stanley Birtwell tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nílùú yìí ló yà á. Orí àga ló dúró sí lẹ́yìn apẹ̀rẹ̀, nítorí náà tí àwòrán bá mì, Stanley ló fẹ́ ṣubú. Ẹgbẹ́ kan láti Manchester ni a bá gbá. A nà wọ́n, èmi nìkan sì gba àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nọ́ńbà mẹ́rìnlá ni mo wọ̀. Ẹ fọkàn sí ìlàjì kejì, ibẹ̀ ni apá mi ti gbóná.

Obìnrin tí ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń ké pé, "Ẹ fi í sílẹ̀, kò tíì jẹun," Ìyáàfin Hesketh ni. Wọn kò mọ òfin eré náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti kórìíra gbogbo ẹni tó bá fara kàn mí.

Tí ẹ bá ti wò ó, ẹ kọ̀wé kíákíá. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. N kò fẹ́ ọ̀rọ̀ dídùn, òótọ́ ni kí ẹ sọ.

Ọmọ yín,
Lemuel

Anderson
Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Kọkànlá, 1986

Lemuel,

Kásẹ́ẹ̀tì dé ní ọjọ́ Ajé. A wò ó ní pálọ̀ Purvis. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, Odessa náà wá, ó sì wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì.

A rí gbogbo rẹ̀. Èrò pọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń pariwo. Jẹ́sì búlúù yẹn bá ọ mu. O gbá a dáadáa, inú mi dùn.

Nítorí pé o ní kí n sọ òótọ́, ohun kan wà. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ ń ṣí síta tí o bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù. Kó o mọ́ra.

Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbí. Mo ti bo fèrèsé.

Bàbá rẹ

Ellerby
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1986

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín, nígbà tí a ń lọ sí Birmingham, mo sì kà á títí tó fi fẹ́ ya. Mo fi han Rodney.

Ó ní, "Inú tẹlifíṣọ̀n ni bàbá ẹ ti rí ìgbọ̀nwọ́?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ni."

Ó ní, "Bàbá tèmi ò rí mi, tí mo bá tiẹ̀ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n ọ̀hún."

Pupa ni jẹ́sì wa, kì í ṣe búlúù. Ẹ ní kí Ọ̀gbẹ́ni Purvis yí bọ́tìnnì àwọ̀ díẹ̀.

Mo ti ń kó ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra. Kò tíì mọ́ mi lára, bọ́ọ̀lù mi sì ti ń lu irin ju bó ṣe ń wọlé lọ. Kóòṣì dá eré dúró lánàá.

"Kí ló ṣe apá ẹ?"

"Bàbá mi ní kí n kó o mọ́ra."

"Bàbá ẹ wà níbí?"

"Indiana ni wọ́n wà."

Ó ronú sí i bí tíṣà jọ́gíráfì. Ó ní, "Ibẹ̀ jìnnà," ó sì fọn fèrè kí á máa bá a lọ.

Ṣùgbọ́n n kò ní yí i padà. Kóòṣì tó wo apá mi ti pọ̀ láyé, ẹ̀yin ni mo ti ń retí. Kásẹ́ẹ̀tì kejì nìyí. Kò dára tó ti àkọ́kọ́. Ẹ wo apá mi.

Ọmọ yín,
Lemuel

Anderson
Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kejìlá, 1986

Lemuel,

A wo èkejì náà. Ó ti sàn díẹ̀. Ṣì máa kó o mọ́ra.

Purvis ń sọ káàkiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pé èmi ló ń kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù láti òkè òkun. Àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ ní, "Amos, ta ló kọ́ ìwọ?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gẹ irun mi.

Odessa ń di kéèkì Kérésì sínú agolo fún ọ. Tó bá dé, jẹ ẹ́, kí o sì kọ̀wé pé o jẹ ẹ́. Ìwọ nìkan ni àga rẹ máa ṣófo lọ́dún yìí.

Bàbá rẹ

Ellerby
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kìíní, 1987

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún. Kéèkì Àǹtí dé. Ìyáàfin Hesketh fẹ́ dín in, mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nǹkan kò lọ dáadáa. Láti ìgbà Kérésì ni a kò ti na ẹnikẹ́ni. Àwọn èrò tiwa gan-an ti ń hanrun báyìí, nínú gbọ̀ngàn tiwa. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo dúró láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, gbogbo ilé dákẹ́, bàbá arúgbó kan sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ẹni yìí ò lè ju òkúta sínú òkun." Kò tiẹ̀ sọ ọ́ láti fi bú mi. Ó ń ṣàlàyé fún un ni.

Ọ̀gbẹ́ni Harkness wá wò wá nígbà ìgbáradì, ó sì ń bá Kóòṣì sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan láti Ohio, Terrence Yancy, ń bọ̀ wá "kí wa". Kò sí ẹni tó ń ti Ohio wá sí Ellerby wá kí èèyàn. Rodney ń wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni ń wò ó bóyá mo ti di ẹrù.

Kásẹ́ẹ̀tì kẹta nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ dá a dúró níbi tí mo bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè. Ṣé apá mi ti wọlé tó? Àbí mo ti kó o mọ́ra jù? N kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe.

Ọmọ yín,
Lemuel

Anderson
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní, 1987

Lemuel,

Mo rí kásẹ́ẹ̀tì gbà. Ó ti wọlé tó. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tàbí kí o máa jù ú bí o ṣe ń jù ú tẹ́lẹ̀, èyí tó bá rọrùn fún ọ. Gbọ́ ti kóòṣì rẹ, òun ló wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ

Anderson
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kejì, 1987

Lemuel,

N kò gbúròó rẹ láti bí oṣù kan. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wo àpótí lẹ́tà. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà ti ń mi orí sí mi láti òkèèrè kí n má baà rìn dé ibẹ̀. Odessa ní kí n tẹ̀ ọ́ láago. Mo tẹ̀ ọ́, Ìyáàfin Hesketh ló gbé e, wọ́n ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo ní, "Ọ̀sán ni, iṣẹ́ wo?" Wọ́n ní kí n mú ara mi gbóná, wọ́n sì gbé e sílẹ̀.

Mo ti gba tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni, ti ọkọ̀ òfuurufú. Mo ń bọ̀ wá wo eré yín tó kẹ́yìn, ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọ kí gbogbo rẹ̀ tó parí.

Kọ̀wé.

Bàbá rẹ

Ellerby
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejì, 1987

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Wọ́n ti yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́. Yancy dé, ó ju bọ́ọ̀lù fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ń wọlé. Kóòṣì pè mí sí kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ. Abẹ́ máàpù ayé la dúró sí. Ó ní, "Lemuel, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ," mo sì mọ̀ pé ó ti parí. Ọ̀gbẹ́ni Harkness kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní ìwé àdéhùn mi kò tíì pé, kí n máa bá òun gbé bẹ́ẹ̀dì kiri ìlú títí tó fi máa pé. Èyí ni iṣẹ́ ọ̀sán tí mò ń ṣe. Èmi tí mo gbé bẹ́ẹ̀dì sáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, mo ti ń gbé e sórí báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn tí a gbé e lọ fún mọ̀ mí. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo máa ń ju bọ́ọ̀lù lu irin yẹn?" Mo ní èmi ni. Ó fún mi ní tíì.

N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, torí mo rò pé ẹ ti ń wò mí. Mo rò pé ẹ ti rí bó ṣe ń bàjẹ́ láti kásẹ́ẹ̀tì dé kásẹ́ẹ̀tì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí ilé Stanley Birtwell. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi ṣe ẹ̀dà eré Manchester, kí n tún fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ lè ní èyí tó dára lọ́wọ́.

Ó ní, "Sí Amẹ́ríkà? Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tiwọn àti tiwa ò bára mu. Ìlà-ìlà lásán ni wọ́n máa rí."

Mo ní, "Ó ṣiṣẹ́. Bàbá mi ti wo mẹ́ta."

"Kò wò ó, ọmọ."

"Wọ́n rí ìgbọ̀nwọ́ mi."

Stanley bẹ̀rẹ̀ sí í wá irin tó fi ń tú ìdè ẹ̀rọ káàkiri tábìlì, ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá mi, pupa ni jẹ́sì wa. Kí ni ẹ rí?

Lemuel

Anderson
Ọjọ́ kẹwàá, Oṣù Kẹta, 1987

Lemuel,

Mo ka lẹ́tà rẹ nínú ọkọ̀ níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. N kò lè wa ọkọ̀ náà kúrò níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìlà ni mo rí. Ìlà funfun àti dúdú tó ń ṣubú bí òjò tí atẹ́gùn ń tì. Purvis lu ẹ̀rọ náà lórí. Ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó tún gbé e padà. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bóyá bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ́hùn-ún nìyẹn." Odessa ní kí wọ́n pa á, ó ń dun òun lójú.

Àmọ́ ohùn wà nínú rẹ̀. Ohùn náà ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, èrò ń ké bí òròmọdìẹ, bọ́ọ̀lù ń dún nílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fi ìka lu tábìlì. Mo ní kí wọ́n má pa á. Mo jókòó títí tó fi tán. Mò ń gbìyànjú láti mọ ìgbà tó bá wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà míì mo máa ń rò pé mo mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ṣe èkejì àti ẹ̀kẹta náà nìyẹn.

Mo mú bíírò láti sọ ọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n o ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé n kò rí ọ rí. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọ ọ́ síwèé pé òun kò tún rí ọ.

Ní ti ìgbọ̀nwọ́. Ọdún tó ṣáájú èyí tí o jáde ní girama, mo pàdé kóòṣì yín ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìṣó. Ó ní, "Amos, ọmọ yẹn dára. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló ń ṣí síta, ṣùgbọ́n má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án o, torí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọlé." Nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù rẹ nìyẹn. O bẹ̀ mí pé kí n sọ ohun tí mo rí, mo wá inú mi, òun ni mo bá níbẹ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni mo rántí. Ìdajì kejì padà sí mi lọ́kàn nínú ọkọ̀ yẹn, bí mo ṣe ń ka lẹ́tà rẹ.

N kò mọ ohun tí bàbá máa ń sọ lẹ́yìn irú èyí. Tí o bá mọ̀ ọ́n, fi sọ́kàn pé mo ti sọ ọ́.

Mo ṣì ń bọ̀. Kì í ṣe Harkness Beds ni mo gba tíkẹ́ẹ̀tì torí rẹ̀.

Bàbá rẹ

Anderson
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹrin, 1987

Lemuel,

Mo délé láyọ̀. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Hesketh. Dókítà ní ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, mo ní mo mọ orúkọ rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ òfuurufú, mo ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, n kò sì tíì gbà pé afẹ́fẹ́ ni.

Mo fẹ́ràn ọjọ́ tí mo tẹ̀ lé ọ nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀dì. O mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan gba kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Mo sọ ìyẹn fún Odessa.

Ohun kan wà tí n kò bi ọ́ nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ eré yẹn, ìwọ àti èmi jókòó lórí ìjókòó èrò, o ń pàtẹ́wọ́ fún Yancy, n kò sì rò pé ìlara kankan wà nínú bí o ṣe ń pa á. Inú mi dùn sí i. Nígbà tí èrò túká, ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn wá bá wa. Ó ní, "Lem, n kò tíì pa iná. Ju díẹ̀ fún bàbá ẹ." Ó fi bọ́ọ̀lù lé ọ lọ́wọ́. Èmi ti jókòó padà. Mo ti bọ́ fìlà. O dúró síwájú apẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lábẹ́ apá, ó pẹ́, o sì gbé e padà fún un. O ní, "Bàbá mi, ebi ń pa mí." A lọ jẹ ẹja àti ọ̀dùnkún díndín nínú òjò. O bi mí bí mo bá fẹ́ iyọ̀.

Gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ bi mí bí o ṣe gbá a. Mo ní o gbá a dáadáa. Mo tún ti parọ́.

Kí ló dé tí o kò jù ú?

Bàbá rẹ

Ellerby
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹrin, 1987

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo dúpẹ́ pé ẹ dé láyọ̀. Mo jíṣẹ́ yín fún Ìyáàfin Hesketh. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀, ó kàn rẹ̀ yín ni.

N kò bínú sí yín mọ́. Mo bínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀dì tí mo gbé nígbà náà sì pọ̀.

Mo fẹ́ jù ú. Nígbà tí ọkùnrin yẹn gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́, mo ti tẹ orúnkún. Ṣùgbọ́n apá mi kò mọ ibi tó máa gbà. Bí mo ṣe ń jù ú láti kékeré, n kò rí i mọ́. Bí ẹ ṣe ní kí n jù ú, n kò mọ̀ ọ́n tó. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé ẹ ti bọ́ fìlà bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ̀ pé tí mo bá jù ú, ó máa lu irin, yóò sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ẹ rí mi ṣe. Ẹ ti dúró pẹ́ jù fún ìyẹn. Mo kúkú jẹ́ kí ẹ ṣì máa retí rẹ̀.

Mò ń lọ sí ẹ̀yìn ilé-ìwé kan níbí lẹ́yìn iṣẹ́, níbi tí apẹ̀rẹ̀ tí kò ní àwọ̀n wà. Èmi nìkan ni. Bí mo ṣe ń jù ú tẹ́lẹ̀ kò tíì padà. Nígbà míì ọ̀kan á wọlé, mo sì máa ń dúró síbẹ̀ kí n rántí ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n ara kì í sọ.

Ẹgbẹ́ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì mi. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún ni mo máa dé. Ẹ má wá pàdé mi pẹ̀lú èrò. Ẹ má sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Purvis.

Tí mo bá dé, mo máa lọ sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀, èmi nìkan, fún bí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀ lé mi. Ẹ má wò láti fèrèsé. Tí mo bá rí i padà, màá wá pè yín. Tí n kò bá pè yín, ẹ má béèrè.

Ọmọ yín,
Lemuel

Anderson
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Karùn-ún, 1987

Lemuel,

Mo ti gbọ́. N kò ní béèrè.

Mo ti gbé àga kan sẹ́yìn ọkọ̀. Ibẹ̀ ló máa wà títí o ó fi pè mí.

Bàbá rẹ